Ìbọn Tó Fúyẹ́ Lọ́wọ́, Tó Wúwo Léjìká

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo jókòó níwájú yín yìí, n kò mọ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ́n ni ẹ wá gbọ́, ẹ kọjá sí ilé kejì, nítorí gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé kò ju ọ̀rọ̀ ìbọn lọ, ìwọ̀nba tí mo sì mọ̀ nípa ìbọn, èjìká mi ni ó kọ́ ọ, orí mi kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ẹfọ̀n kan jáde láti inú Igbó Ìdákẹ́jẹ́, ó dí ọ̀nà oko mọ́ wa, ó kan ènìyàn méjì pa, iṣu sì ń jẹrà nínú ebè. Ọta ìbọn kékeré ń bọ́ lára rẹ̀ bí ẹ̀pà tí ọmọdé jù lu ògiri. Baálẹ̀ wá ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́níyì lọ ra ìbọn ńlá ẹlẹ́nu méjì: ẹnu kìn-ín-ní láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹnu kejì láti fi parí rẹ̀.

Opó alágbẹ̀dẹ kan, Ògúnbùnmi, kó méjì jáde fún wa. Ẹ̀tù kan náà, ọta kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wúwo bí odó, ìdí rẹ̀ gbòòrò. Èkejì fúyẹ́ bí ọ̀pá darandaran, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. A yìn wọ́n wò. Èyí tó wúwo tì mí sẹ́yìn bí ìyàwó ṣe ń ti ọkọ kúrò nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ó tì mí, kò pa mí lára. Èyí tó fúyẹ́ kàn mí bí àgbò, omi bọ́ lójú mi, èjìká mi sì wú. Èyí tó kàn mí náà ni mo mú.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ìgbà tiyín ń bọ̀. Láyé ìgbà náà, bí ọdẹ bá péjọ, èjìká ni a ń ṣí wo. Ẹni tí ojú ibi tí ìbọn ti kàn án bá dúdú jù ni a ń bu ẹmu fún ṣáájú, bí ẹni pé èjìká ọdẹ ni ẹran ń kú sí. Mo sọ fún Ọdẹ́níyì pé ẹni tó bá ra èyí tó wúwo, alárù ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e kọ́ èjìká.

Opó náà wò mí títí. Ó ní, “Ọdẹ, ẹrù tí ẹ kọ̀ láti rù díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ó rù ú lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí ẹ bá yìn ín. Ẹni tó bá ṣì dúró ni ẹnu kejì wà fún.”

Mo bi í pé ẹfọ̀n mélòó ni ó ti pa nídìí ewìrì.

Nínú Igbó Ìdákẹ́jẹ́, níbi tí ewé kì í já bọ́ láìtọrọ àyè, a bá iwin kan lórí òkìtì ọ̀gán, orí rẹ̀ dán bí igbá tuntun, etí rẹ̀ balẹ̀ dé ìbàdí. Ó ní a kò ní kọjá àfi bí a bá yìnbọn fún òun wò. Ọdẹ́níyì yìn, èso já lórí igi. Èmi yìn, ewé kò mì. Mo ní afẹ́fẹ́ ni.

Iwin ní, “Afẹ́fẹ́ wo, nínú igbó tí afẹ́fẹ́ kì í ti í fẹ́? Ojú rẹ ti dì kí ìbọn rẹ tó dún. Ìdí rẹ̀ ni ò ń bẹ̀rù, o kò rí ẹnu rẹ̀ mọ́.”

Ọdẹ́níyì na ìbọn tirẹ̀ sí mi, ó ní, “Gbà á, ọ̀rẹ́ mi. N ó gbé tìrẹ.” Mo ní kàkà kí n ru odó, kí ẹfọ̀n kàn mí pa.

Ọ̀sán gangan, ní etí igbó, ẹfọ̀n náà jáde, ó ń bọ̀ bí onílé tó gbọ́ pé àlejò dé. Èmi ni mo wà níwájú. Mo gbé ìbọn. Èjìká mi rántí ohun tó ń bọ̀, ojú mi sì dì, mo yìn ín. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi, ọwọ́ ọ̀tún mi kú bí igi, ẹnu kejì ìbọn mi ṣì kún, kò sí ìka tí yóò fà á. Ọdẹ́níyì fò kọjá lórí mi, ó dúró sáàárín èmi àti ikú. Ó yìnbọn, ẹfọ̀n kúnlẹ̀, ó tún dìde, ó ń sáré bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò yẹsẹ̀; ó yin ẹnu kejì. Ẹfọ̀n náà kú, ṣùgbọ́n eré tó ń bá bọ̀ kò kú, ìwo rẹ̀ wọ Ọdẹ́níyì nínú. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lọ. Kò bú mi.

Mo gbé e wálé. Ọ̀nà oko ṣí, iṣu wọlé, mo sì ń sọ fún gbogbo ìlú pé èmi ni mo kọ́kọ́ yìnbọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìbọn, ẹ má bèèrè bí ó ti le tó. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ ó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì láìdijú. Oyè pẹ̀lú ń tàpá bí ìbọn, ọrọ̀ pẹ̀lú ń tàpá. Ọ̀pọ̀ tí mo mọ̀ ni ó dijú gbà á.

Ní ọjọ́ keje, Ìbídùn, aya Ọdẹ́níyì, wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo gbé ọkọ òun wálé. Ó ní àwọn tó lọ kun ẹfọ̀n náà sọ fún òun pé ojú ọta méjì péré ni ó wà lára rẹ̀. Ó wá gbójú sókè.

“Bàbá, ìbọn tiyín ni ó kọ́kọ́ dún. Níbo ni ọta rẹ̀ lọ?”