Ó Ku Díẹ̀ Kí Tírélà Gbéra

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń ta taya, tí ó sì ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo láyé. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú. Òun ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, òun náà ló sì bá a wá ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí ó gbà. Bí ènìyàn bá fẹ́ rí ìbínú ọkùnrin yìí, kí ó ṣáà ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìdáa.

Ẹ̀gbọ́n náà fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ó ra Pijó kan, ó tú gbogbo ohun tí kò wúlò fún eré kúrò nínú rẹ̀, ó kùn ún ní ọ̀dà yẹ́lò, ó sì ń gbé e lọ sí pápá kan lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí bàálù ti ń balẹ̀ láyé àtijọ́. Bàálù kò balẹ̀ níbẹ̀ mọ́, àmọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣì gún, ó ṣì dán. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn tó fẹ́ràn eré sísá a máa kó ọkọ̀ wọn lọ síbẹ̀. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n, tí kò lè tẹ bíréèkì bó ṣe yẹ mọ́, ó fa kọ́kọ́rọ́ Pijó náà lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Mi ò béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Gbé e lọ sí pápá, kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí n wò ó bó ṣe ń kọjá. Ìyẹn tó mi."

Àbúrò ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, a ti lọ."

Ọkọ̀ náà kò ní wàhálà kankan. Mẹkáníìkì yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò, ó ní ó ṣì le koko. Ọkọ̀ akẹ́rù lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ lójú títì, ì bá gbé e dé pápá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kọ́kọ́ dá lọ síbẹ̀ láti wo bí ibẹ̀ ṣe rí, ohun tí ó sì rí níbẹ̀ yí i lọ́kàn padà. Ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi Jíìpù fa tírélà tó ní ògiri àti òrùlé bíi yàrá, tí ọkọ̀ ìje wọn wà nínú rẹ̀ láìfara kan oòrùn. Wọ́n rọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, ọkọ̀ sì rọra gba orí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, sípánà wà lórí ìkọ́, taya wà lórí pẹpẹ, àga tìmùtìmù sì wà fún ẹni tó bá rẹ̀. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ojú sì tì í fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ṣé orí koríko ni òun yóò mú ẹni tó tọ́ òun dàgbà wá jókòó sí, nínú oòrùn, lójú gbogbo àwọn wọ̀nyí?

Nígbà tí ó padà dé, ó ra tírélà àlòkù kan tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì tẹ́lẹ̀. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ tírélà náà ti jẹrà. Ó ní kí káfíńtà tú u, kí ó fi pákó líle tẹ́ ẹ, kí ó sì lẹ rọ́bà tí kì í yọ̀ mọ́ ọn. Wẹ́dà jó òrùka irin mọ́ irin abẹ́ pákó níbi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, kí wọ́n lè fi bẹ́líìtì so taya rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó má baà máa yí kiri lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣe pẹpẹ taya sí iwájú. Wọ́n ṣe àpótí fún jáàkì àti irinṣẹ́, wọ́n sì ṣe ibi tí gálọ́ọ̀nù epo yóò jókòó sí tí kò fi ní dà. Gbogbo ìwọ̀nyí ló yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ rìn jìnnà kò gbọdọ̀ fojú fo ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n sì parí kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹ̀gbọ́n wá wò ó. Ó yí tírélà náà ká, ó fẹsẹ̀ tẹ pákó ilẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ fa òrùka irin wò, inú rẹ̀ sì dùn.

"O ṣe é dáadáa. Ìgbà wo là ń lọ?"

"Ó ku díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo fẹ́ fa iná sí i."

"Ṣé alẹ́ la ó sáré ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oníná kò tètè wá, nígbà tó sì wá, wáyà tí wọ́n rà kò dára. Ọyẹ́ kọjá lọ. Ọkùnrin náà kò ka èyí sí nǹkan. Ọdún ṣì ń bẹ níwájú.

Nígbà òjò, ẹ̀gbọ́n tún yà. Iná ti wà nínú tírélà, ó funfun báláú, agbára bátìrì ló fi ń tàn. Ẹ̀gbọ́n dúró lábẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fà á wá síwájú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ọwọ́ náà ti máa hàn.

Ó ní, "Ojú mi ń ṣe mí bákan. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ti ń ṣókùnkùn. Dókítà ní oògùn tí mò ń kán sí i lè jẹ́ kó falẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti lọ kò ní padà. Má jẹ́ kó pẹ́ o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ àbúrò lára. Kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìfẹ́ lè mú ènìyàn ṣe nígbà tí kò bá rò ó dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀gbọ́n ṣe ń dùn ún tó, bẹ́ẹ̀ ló ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ó pinnu pé òun yóò gé fèrèsé ńlá sí ẹ̀gbẹ́ tírélà náà, kí ẹ̀gbọ́n lè jókòó sórí àga tìmùtìmù, kí ó máa wo pápá láìsí eruku tí yóò kó sí i lójú. Ó wá awọ rírọ̀ fún àga náà. Ó so fáànù mọ́ òkè. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń wà báyìí, tí ó ń wọn ibí, tí ó ń gé ọ̀hún.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wá bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ kí i bí ó ṣe máa ń ṣe, ó sì dìde dúró.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ yìí lọ. Ẹ̀gbọ́n yín ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Wọn ò fẹ́ kí n sọ fún yín."

"Ìyá Ọlátóún, ẹ má ṣèyọnu. Wọ́n ti gé fèrèsé, gíláàsì ló kù. Ṣé ẹ ò rí i pé torí wọn ni mo ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀ ni?"

"Èmi rí i. Àwọn ni kò ní rí i."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dun ọkùnrin náà díẹ̀. Ó rò pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n kò mọ bí òun ṣe ń ṣe wàhálà tó.

Ọyẹ́ kejì dé. Gíláàsì tí wọ́n mú wá kò bá ihò tí wọ́n gé mu, wọ́n ní kí wọ́n lọ gé òmíràn. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sára tírélà kò tíì gbẹ. Àwọn tó ń lọ sí pápá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tẹ fèrè kí i, ó sì juwọ́ sí wọn. Ó ń rò ó pé bó bá di àmọ́dún, wọn yóò rí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n kò wá wo iṣẹ́ mọ́. Àbúrò rò pé orúnkún ni.

Ìgbà tí ọyẹ́ tún padà, kò sí nǹkan kan tó kù láti ṣe. Tírélà náà ń dán bí àwo tuntun. Wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì fi Jíìpù rẹ̀ fà á lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n láàárọ̀ kùtù, ó ń tẹ fèrè láti ìkóríta. Ẹ̀gbọ́n jáde. Ó wọ aṣọ tó dára, ó fọwọ́ ra ògiri bọ̀. Àbúrò sáré lọ dì í mú, ó ṣì ń rò pé orúnkún ni. Ó ràn án lọ́wọ́ gòkè sínú tírélà, ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ Pijó kọjá, ó sì fi í jókòó sórí àga. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ pa awọ àga náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rọra ń mi orí.

Ó ní, "Ó rọ̀ o. Fèrèsé tí wọ́n ní o ṣe dà? Ṣí i, kí afẹ́fẹ́ wọlé."

Fèrèsé náà ti wà ní ṣíṣí. Oòrùn àárọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó ń tàn sí ẹ̀gbọ́n lójú gan-an, ẹ̀gbọ́n kò sì ṣẹ́jú.

Ọkùnrin náà dúró. Ó wo fèrèsé, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí ó ti kọjá wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí i lọ́kàn.

"Ó ti ṣí, Ẹ̀gbọ́n."

"Hẹn-ẹn." Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde. "Ó dára náà. Jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n lọ. Iwájú Jíìpù ni ẹ̀gbọ́n jókòó sí lójú ọ̀nà, ó ń béèrè ibi tí wọ́n dé, àbúrò sì ń dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n dé pápá, àwọn ènìyàn pé jọ yí tírélà náà ká. Wọ́n wọlé, wọ́n jáde, wọ́n tan iná, wọ́n pa á, wọ́n yin ọkùnrin náà. Ìyìn tí ó ti ń retí dé, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ jókòó nínú tírélà. Ó ní ògiri rẹ̀ kò ní jẹ́ kí òun gbọ́ dáadáa, kí wọ́n gbé òun síta. Wọ́n dojú kẹ́ẹ̀gì kan dé fún un lórí koríko, ó sì jókòó síbẹ̀.

Àbúrò wọ Pijó, ó wà á. Ó sáré bí kò ṣe sáré rí. Nígbà tó ń kọjá níwájú ẹ̀gbọ́n, ó rí i fìrí: ó kọjú sí ọ̀kánkán, ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ ti kọjá ló wá yí orí tẹ̀ lé ariwo náà.

Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ wá bá a, ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ́ńjìnnì yẹn ń dún dáadáa. Báwo ló ṣe rí nígbà tó ń kọjá? Sọ fún mi."

Ọkùnrin náà lóṣòó síwájú rẹ̀ lórí koríko.

"Mi ò rí i, Ẹ̀gbọ́n. Inú rẹ̀ ni mo wà."

"Òótọ́ ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó na ọwọ́, ó wá èjìká àbúrò rẹ̀ kàn, ó sì dì í mú. Kò bá a wí. Ì bá sàn fún ọkùnrin náà kí ó bá a wí.

Láti ìgbà náà, ẹlòmíràn ló ń bá wọn wa ọkọ̀ náà. Àbúrò ń jókòó ti ẹ̀gbọ́n lórí koríko, ó ń sọ ohun gbogbo tí ó bá rí fún un: bí eruku ṣe gòkè, bí ìdí ọkọ̀ ṣe lọ sílẹ̀ ní kọ́nà. Nígbà mìíràn ẹ̀gbọ́n á ní, "Tún un sọ." Á tún un sọ. Á sì rí i lójú ẹ̀gbọ́n pé bí òun ṣe sọ ọ́ kò tó.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí a jọ jókòó yìí ni mo ń bá wí. O sọ fún mi pé ìyá rẹ ń ránṣẹ́ sí ọ láti Kíṣì pé kí o mú àwọn wá kí àwọn rí ọmọ rẹ. O ní ó di ìgbà tí o bá tẹ́ táìlì sí yàrá wọn, tí o bá ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, tí o bá kun ògiri. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú ọ ṣe é. Ìfẹ́ náà ló mú oníṣòwò taya yẹn gé fèrèsé. Èmi kò ní kí o má tẹ́ táìlì. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé kí ni ìyá rẹ béèrè. Wọn kò béèrè táìlì, ọmọ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí. Yàrá náà ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn, ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀ lónìí. Èyí tó kù, kí ojú má baà tì ọ́ níwájú àwọn aládùúgbò ni, ìyẹn sì lè dúró. Lọ mú wọn wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí àwọn onítáìlì wá bá wọn nínú ilé.