Ọṣẹ Ìjàpá Ṣọṣẹ́ ní Adágún Gbẹ̀dẹ̀

Àlọ́ o.

Àlọ̀ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, mi ò gbọ́ ohùn yín. Àlọ́ o.

Àlọ̀ o.

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ta pọ́ún, ó bọ́ sómi. Ó bọ́ lé Àkèré lórí, ó bọ́ lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo lẹ́yìn.

Ní ìgbà kan rí, adágún odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Gbẹ̀dẹ̀. Ó tóbi débi pé bí ẹyẹ bá fẹ́ fò ó kọjá, àfi kó kọ́kọ́ jẹun yó. Gbogbo ẹranko ló ń mu níbẹ̀. Erinmi ni baálẹ̀ wọn. Ó lójú àánú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yin òun. Àkèré sì ń gbé láàárín koríko etí omi, níbi tó ń yé ẹyin sí. Obìnrin tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀, yóò béèrè ibi tó ti gbéra.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá wá sọ́dọ̀ Erinmi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Baálẹ̀, mo wo ara yín, àánú ṣe mí. Ara ńlá báyìí, kò dán."

Erinmi wo ikùn ara rẹ̀. "Kò dán lóòótọ́?"

"Ẹrẹ̀ ni kò jẹ́ kó dán. Ẹ fún mi ní etí adágún yìí, kí n dá ẹbu tí a ti ń se ọṣẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ara yín yóò máa dán bí àgbálùmọ̀ tí wọ́n fi aṣọ nù."

Ọṣẹ sísè ń fẹ́ omi púpọ̀, Ìjàpá sì kórìíra kó máa ru omi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí adágún gan-an ló fẹ́.

Àkèré sún mọ́ wọn. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹni tó bá fẹ́ se ọṣẹ yóò kó eérú sínú àjẹrẹ, ìkòkò onihò, yóò da omi lé e, omi eérú yóò sì máa ro sílẹ̀. Eérú tó bá ṣẹ́kù ńkọ́, ibo ló máa lọ?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Inú adágún ni, ìyáa wa. Ẹ wo bó ti tóbi tó. Kí ni agbọ̀n eérú kan fẹ́ fi ṣe?"

"Agbọ̀n kan nìkan kọ́ lẹ máa dà."

"Àkèré," Erinmi wí, "ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Ìjàpá, lọ máa ṣe é."

Ni wọ́n bá dá ẹbu sílẹ̀. Ọ̀bọ ń fọ́ èkùrọ́, Òkété ń wá igi, Etu ń dáná. Ìjàpá jókòó lábẹ́ ibòji, ó ń fi ìka júwe. Agbọ̀n eérú kan di mẹ́wàá, mẹ́wàá di ogún. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wọ́n ń da ìdọ̀tí àdín pọ̀ mọ́ ọn. Ara gbogbo ìlú ń dán lóòótọ́, inú Erinmi sì ń dùn.

Nígbà tó di oṣù kẹta, omi Gbẹ̀dẹ̀ ti ń yọ̀ bí ilá. Koríko etí rẹ̀ rọ. Ẹja léfòó, wọ́n dojú ikùn sókè. Àkèré fi wọ́n han Ìjàpá.

"Oorun ni wọ́n ń sùn," Ìjàpá dáhùn. "Ẹ má jí wọn."

Òsúkè ló wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mu omi náà, òsúkè yóò mú un, ìfófòó yóò sì máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀bọ lọ kí àna rẹ̀: "Ẹ kú... hìkì... àárọ̀." Ó fi ìfófòó wẹ ojú àna rẹ̀. Erinmi ń dá ẹjọ́ láàárín Túùpù àti Àgbò. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ìfófòó ti bo àwọn méjèèjì, wọn ò sì mọ ẹni tó jàre títí wọ́n fi délé.

Àwọn ẹranko ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Àkèré kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹyin rẹ̀, tó máa ń dúdú tó máa ń dán bí kóró ìṣin, ti funfun báláú. Ó tú wọn wò títí. Díẹ̀ ló kù tó ṣì dúdú. Ó kó wọn sórí ewé kókò, ó gbé wọn rù, ó sì gba ẹ̀yìn òkè lọ wá omi tó mọ́.

Ẹni tó bá nídìí ìsun omi níbẹ̀ ni Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, pẹ̀lú kèǹgbè lọ́wọ́. Yánníbo fẹ́ sá pamọ́, àyè ò gbà á.

"Ìyá, ọkọ mi ló rán mi," ó wí. "Ó ní òun ò lè mu omi adágún yẹn. Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti ń gun òkè yìí. Gbogbo ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Àkèré wò ó, kò bú u. "Wá bá mi gbẹ́ ihò kékeré kan tí omi yìí lè ṣàn sí. Ẹyin mi ń gbẹ."

Wọ́n jọ gbẹ́ ẹ. Yánníbo ní, "Bí ẹ bá máa sọ ọ́ níta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi."

"Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Kí Àkèré tó padà, Ìjàpá ti bá Erinmi sọ̀rọ̀. Ó ní Àkèré ló fa òsúkè. Ó ní igbe tó ń ké lóru ló ń ba omi jẹ́, kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Ni wọ́n bá pe ìpàdé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìjàpá dìde, ó ń rojọ́ geere, ọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń tú okùn. Nígbà tó parí, Erinmi ní kí Àkèré fèsì. Àkèré kò rojọ́. Orin ló dá. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀bọ mumi, Ọ̀bọ súkè.
*Gbẹ̀dẹ̀ o, omi Gbẹ̀dẹ̀.*
Baálẹ̀ mumi, Baálẹ̀ súkè.
*Gbẹ̀dẹ̀ o, omi Gbẹ̀dẹ̀.*
Ta ló ń rojọ́ tí kò súkè?
*Gbẹ̀dẹ̀ o, omi Gbẹ̀dẹ̀.*
Ẹ bu tirẹ̀ fún un kó mu.
*Gbẹ̀dẹ̀ o, omi Gbẹ̀dẹ̀.*

Gbogbo orí yí sí ọ̀dọ̀ Ìjàpá.

"Ìjàpá," Erinmi wí, "kí ló... hìkì... kí ló dé tí òsúkè ò mú ọ?"

"Ìkarahun mi ló ń dá a dúró, Baálẹ̀."

"Ẹ bu omi fún un."

"Mo ń gbààwẹ̀ lónìí."

"Ó jẹ ẹ̀pà láàárọ̀ yìí," Ọ̀bọ wí. "Èmi ni mo bó o fún un."

"Àní eyín ń dùn mí."

"O ò léyín," Òkété dá a lóhùn.

Wọ́n gbé igbá kan fún un. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi tó máa gbà. Ó mu ún tán. Ìjàpá lanu: "Ṣé ẹ rí i, kò sí nǹkan kan tó..." Hìkì. Ìfófòó tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ yọ jáde. Hìkì. Orí rẹ̀ wọlé sínú ìkarahun, ó tún jáde, ó tún wọlé. Ó fẹ́ sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ilẹ̀ ọlọ́ṣẹ, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀, ó sì ń yí bí òòyì láàárín ìpàdé. Yánníbo ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Erinmi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọṣẹ ló pè é fún mi, ọṣẹ́ ló ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fún un láyè. Àkèré béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa, mo pa á lẹ́nu mọ́. Àkèré, má bínú."

"Mo ti bínú tán, Bàbá," Àkèré wí. "Ẹ jẹ́ ká kó eérú kúrò."

Wọ́n wó ẹbu lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní Ìjàpá ni kó máa fi ẹ̀yìn ru eérú gun òkè mìíràn tí kò ní omi, agbọ̀n kan lẹ́yìn òmíràn. Bó bá dà á, afẹ́fẹ́ á gbé e padà lé e lójú. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ara Ìjàpá fi rí bí ara ẹni tó sùn nídìí ààrò títí dòní.

Odindi ọdún méjì ni òjò fi rọ̀ kí omi Gbẹ̀dẹ̀ tó ṣeé mu. Nínú gbogbo ẹyin Àkèré, méje péré ló di ọmọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: omi ńlá kì í ṣe ààtàn ńlá. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe sọ pé ìdọ̀tí tiyín kò tó nǹkan. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹni kékeré bá béèrè ibi tí eérú ń lọ, ẹ dá a lóhùn. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ, kí àgbà tó bá mọ̀ ọ́n dá mi lẹ́kun. Ó dáa, wọ́n dákẹ́. Ẹ lọ sùn.