Àwòrán Tó Dí Imú Ilé

Jókòó, Oyèkànmí. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ lo wá mú lọ sílé, mi ò sì fi í pa mọ́ fún ọ. Ó wà ní yàrá lọ́hùn-ún láti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí n tó pè é jáde, gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ ń mí. Olóyè ni, ó sì lawọ́. Nígbà tó ń kọ́ ilé rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù máa yọrí lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rà, ńlá ni, ó gbé e sínú àjà, páìpù ràgàjì sì ń gbé atẹ́gùn tútù láti ibẹ̀ lọ sí gbogbo yàrá. Lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dá ihò kan sí, wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń fa atẹ́gùn ilé padà sínú, kó tó tún tú u jáde ní tútù. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dúró síwájú rẹ̀, ó fa etí agbádá mi. Mo ní, Ọlọ́run tóbi, ilé ń mí bí ènìyàn.

Ìyá arúgbó ọkùnrin yìí ti ilé ìwòsàn dé nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ń sun ewé lórí igi. Àyà ló ń ṣe é. Dókítà ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ má jẹ́ kí ooru mú màmá o. Ọkàn wọn kò ní lè gbà á." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ilé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ ooru.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí gbóná.

Ọkùnrin náà tẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ̀ wálẹ̀. Ilé túbọ̀ gbóná. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wá gbàdúrà fún màmá, ó mú mi gun àkàbà, a yọ orí wọ inú àjà. Oyèkànmí, yìnyín ni mo rí! Nínú ooru tí òógùn ti ń kán láti imú wa, yìnyín funfun bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, ó nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Mo fọwọ́ kàn án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ìtutù tí ilé ń wá kiri ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti fi bo ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rí i lò. Nísàlẹ̀, màmá ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àga.

Wọ́n pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ ní gáàsì ló tán, ó fi gáàsì kún un. Yìnyín padà wá. Ẹnì kejì náà ní gáàsì ni. O mọ àwọn ènìyàn wa, kò sí ohun tó lè ṣe amúlétutù lójú wọn ju gáàsì lọ. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Màmá nìkan ló ń sọ nǹkan míì. Lọ́jọ́ tó dé, ọmọ rẹ̀ ti gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ojú ìyá lè kọ́kọ́ bá a bó bá ti ń wọlé. Àwòrán ọjọ́ ìwúyè ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ó ga jù mí lọ. Èmi náà yìn ín. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n gbé àga màmá sí. Ojoojúmọ́ ni ìyá ń sọ pé, "Ọmọ mi, nǹkan kan ń súfèé lẹ́yìn àwòrán yìí." Ọmọ á ní, "Màmá, etí àgbà ni."

Ní ọjọ́ kẹjọ, màmá kò lè jẹun mọ́. Wọ́n lọ pe obìnrin kan tó mọ ẹ̀rọ, láti ìlú kejì. Obìnrin náà kò tilẹ̀ ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó ní kí a jẹ́ kí yìnyín yọ́. Garawa omi mẹ́rin la gbé dànù. Ó tún un tàn, ó já fọ́nrán òwú kan láti etí gèlè rẹ̀, ó nà án síwájú, ó ń mú un rìn káàkiri ilé. A ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, òwú náà dìde fúnra rẹ̀, ó nà tàntàn, ó tọ́ka sí etí àwòrán olóyè.

"Bàbá," ó ní, "ẹ gbé àwòrán yìí kúrò."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ṣé mo ti kú ni, tí ẹ fẹ́ yọ àwòrán mi lára ògiri ilé mi?"

Èmi tí mò ń pe ara mi ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ilẹ̀ ni mò ń wò. Màmá ló sọ̀rọ̀ láti orí àga, díẹ̀díẹ̀, nítorí èémí kò tó o. "Ọmọ mi, bí o kò bá yọ tìrẹ, tèmi lẹ máa gbé kọ́ síbẹ̀."

Ọkùnrin náà di àwòrán mú, ó fà á, kò kúrò. Mo bá a fà á, kò kúrò. Ẹ̀rọ ló dì í mú láti ẹ̀yìn. Obìnrin náà lọ pa ẹ̀rọ. Àwòrán náà mí kanlẹ̀, ó sì rọra dẹ̀ sí wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn wà, eruku bò wọ́n bí irun àgùntàn. Ojú ara rẹ̀ ló fi dí imú ilé rẹ̀, kò sì mọ̀.

Wọ́n nu eruku, wọ́n tan ẹ̀rọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, kọ́tìnnì yàrá màmá mì. Màmá sùn, oorun àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ. Olóyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fa òun dìde.

Oyèkànmí, mi ò sọ pé o burú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí di òní ni pé ẹ̀rọ yẹn kò ṣe ọ̀lẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò kàn rí nǹkan gbà sínú ni. Ìwọ náà ń ṣe gudugudu méje nínú ilé rẹ. Bí ìyàwó rẹ bá ní inú òun kò dùn, o tún ra nǹkan míì fún un. Gáàsì lò ń fi kún un yẹn. Ó ní bí òun bá ti la ẹnu báyìí, o ti bẹ̀rẹ̀ sí ka gbogbo oore tí o ti ṣe fún òun. Àwòrán rẹ nìyẹn. Ó dára lóòótọ́, ibi tí o gbé e kọ́ ni kò dára.

Ohun tó fẹ́ sọ kò gùn, ó ti sọ ọ́ fún mi. Bó bá ń sọ ọ́, má ṣàlàyé, má dá a lẹ́nu.

Fadékẹ́ o, máa bọ̀. Ọkọ rẹ ń gbọ́.