Máìkì Tó Ń Gé Fọlárìn Jẹ

Fọlárìn ọmọ Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta, ní ohùn tó lè mú kí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú gbàgbé ẹni tó kú. Ẹnu kan náà tó fi ń kọrin ló sì fi ń ráhùn. Bí ẹgbẹ́ olórin bá gbé e lọ sóde, á ní òkúta wà nínú ìrẹsì. Wọ́n bá gbé àga fún un, á ní ó le. Wọ́n bá sùn, á ní onígìtá ń hanrun. Ẹgbẹ́ kan lé e, òmíràn gbà á, àwọn náà lé e. Nígbà tó yá, kò sí olórin tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹjọ́-ò-tán ni wọ́n ń pè é.

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì lé e. Àpáta ni wọ́n ń pe ara wọn, nítorí wọ́n ní rọ́ọ̀kì làwọn ń kọ, rọ́ọ̀kì sì ni òyìnbó ń pe àpáta. Orin wọn kì í ṣe orin ijó. Wọ́n á wọ́ ẹ̀wọ̀n lórí páànù, wọ́n á mi òkúta nínú ìgò, wọ́n á mú kí gìtá máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tó rí ọ̀bẹ. Àwọn aládùúgbò a máa yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á béèrè ilé ẹni tí wọ́n ń wó. Ṣólàńkẹ́, olórí ẹgbẹ́ náà, kì í bínú sí wọn. Ó ní orin tí etí ti mọ̀ kò ní nǹkan kan láti sọ fún etí mọ́, àti pé àwo orin tí òun fẹ́ ṣe kò ní jọ ti ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tó gba Fọlárìn, ó fi í jókòó, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo-bọyọ̀ fún un.

"Ohùn rẹ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ẹjọ́ rẹ. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ẹjọ́ kan báyìí, gbé báàgì rẹ."

Fọlárìn búra. Tóun, ìyàwó rẹ̀, wà nínú oyún. Bí ẹgbẹ́ yìí náà bá lé e, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó máa ṣílẹ̀kùn fún un ní gbogbo ìlú, kò sì mọ iṣẹ́ kankan lẹ́yìn orin.

Ilé àtijọ́ kan ní Lafẹ́nwá ni wọ́n háyà láti gba orin náà sílẹ̀. Wọ́n lẹ fóòmù àti páálí ẹyin mọ́ ògiri kí ariwo ìta má bàa wọlé, ṣùgbọ́n òrùlé ń jò, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ kì í sì í gbẹ. Fọlárìn rí i, ó dákẹ́. Ṣólàńkẹ́ ní kí gbogbo wọn bọ́ bàtà, nítorí ìró bàtà ń wọ inú téèpù. Fọlárìn bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù, ó gbé ẹnu sún mọ́ máìkì, ó bẹ̀rẹ̀ orin.

Máìkì náà gé e jẹ. Iná mànàmáná ti ń jò sínú irin rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìjàlọ bá so mọ́ èèyàn létè. Fọlárìn gbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì bá a gbọ̀n.

Ṣólàńkẹ́, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ téèpù, fò dìde. Ó di Fọlárìn mú léjìká, omi ti lé sójú rẹ̀. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń wá ohùn yẹn, níbo ló ti rí i? Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Láyé Fọlárìn, kò tíì sí olórin tó pàtẹ́wọ́ fún un, àfi èyí tó ń fi àtẹ́wọ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ó kàn wá bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

Ni Ṣólàńkẹ́ bá da gbogbo orin tó ti ṣètò tẹ́lẹ̀ nù, ó tún àwo náà tò yí ohùn gbígbọ̀n yìí ká. Lójoojúmọ́ ni Fọlárìn ń lọ gbé ẹnu fún irin jẹ. Ètè rẹ̀ wú, ó dúdú, kò lè jẹ ata mọ́. Látéjú, tó ń lùlù fún wọn, wò ó títí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹjọ́-ò-tán, o ò tíì ráhùn látàárọ̀. Ṣé ara rẹ yá ṣá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fọlárìn náà rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ yọ.

Tóun nìkan ló sọ fún. Ó ń fi òrí pa á lẹ́nu nílé, ó ní kó lọ sọ fún wọn.

"Wọ́n á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà láàyè ni wọ́n ń lé kúrò lẹ́gbẹ́."

Ó ní bí kò bá lè sọ ọ́, òun á gbé oyún òun lọ sí Lafẹ́nwá lọ bá a sọ ọ́. Fọlárìn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, orin kan péré ló kù.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba orin tó kù náà, omi sì dúró lórí sìmẹ́ńtì. Ṣólàńkẹ́ ní òun fẹ́ kí ohùn náà gbọ̀n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní kí Fọlárìn fi ọwọ́ méjèèjì gbá máìkì mú, kó sì gbé e sún mọ́ ẹnu dáadáa. Fọlárìn wo omi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Téèpù ti ń yí.

"Bọ̀dá," ó ní.

"Ṣé ẹjọ́ ni?"

Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó. Ẹnu Fọlárìn là, ó sì padé.

"Rárá o, sà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó gbá irin náà mú. Igbe tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gùn, ó ń ga sí i, kò jọ igbe èèyàn. Ṣólàńkẹ́ gbé ọwọ́ sókè sí àwọn yòókù pé kí wọ́n má ṣe dúró, wọn ò sì dúró. Ẹ̀wọ̀n ń hó lórí páànù, gìtá ń ké, Látéjú dijú, ó ń lùlù kíkankíkan. Nígbà tí igbe náà dáwọ́ dúró, wọ́n ṣì ń bá a lọ, wọ́n rò pé ó ń mí sínú kó tó gbé e padà ni. Òórùn awọ ara tó jóná ló mú kí wọ́n wo ilẹ̀. Látéjú sáré fa wáyà yọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n sin Fọlárìn sí Ìtòkò. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tó ti darúgbó, kò gbọ́ orin ọmọ rẹ̀ rí. Oko ló máa ń wà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní òun fẹ́ gbọ́ èyí tó kọ kẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má gbọ́ ọ, kò gbà. Ṣólàńkẹ́ bá gbé ẹ̀rọ téèpù wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tóun dìde, ó wọlé lọ. Bàbá náà tẹ́tí sílẹ̀. Ó gbọ́ ìbéèrè Ṣólàńkẹ́, ó gbọ́ èsì ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ igbe náà títí tó fi tán, ó tún gbọ́ ìlù tó ń lọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ibo ló ti sọ pé ó ń dun òun?"

"Kò sọ, Bàbá," Ṣólàńkẹ́ dáhùn. Kò lè gbé orí sókè.

"Kò tiẹ̀ fi tó yín létí rí?"

"Kò sọ fún wa rí."

Bàbá náà kò gbé ẹnikẹ́ni ṣépè. Gbólóhùn kan ló sọ, tí àwọn tó jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ gbé lọ sílé, tí ó ti ẹnu dé ẹnu, tí àwọn àgbà sì ń pa á lówe títí dòní pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.