Àwẹ̀ró àti Iwin Tí A Kì Í Kí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò yà sọ́dọ̀ Ìjàpá lálẹ́ òní. Ó gba orí òkun kọjá, ó dá lórí Àwẹ̀ró àti iwin ilé ọkọ rẹ̀. Dásọ́lá, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi.

Ní ìgbà kan rí, ọmọbìnrin ilẹ̀ wa kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Apẹja kan láti ilẹ̀ Sikọ́tílándì ló fẹ́ ẹ, ó sì mú un lọ sílé. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù débi pé òjò a máa dì lójú ọ̀run, a sì bo oko bí òwú.

“Ìyá Àgbà, kí ni wọ́n wá ń jẹ?”

Ọkà báálì ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọkọ Àwẹ̀ró wà lójú omi. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Mọ́ráàgì, nìkan ló kù nílé. Ọkà ti wọ abà, wọn kò sì tí ì pa á, kí wọ́n lù ú kúrò lára pòròpórò rẹ̀. Bí òjò dídì bá ká a mọ́ orí pòròpórò, yóò bu, ebi yóò sì pa àwọn méjèèjì.

Màmá Mọ́ráàgì ní, “Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀. Iwin kan wà nínú abà, Búráúnì là ń pè é. Ó kúrú, irun ló bò ó lára. Yóò bá wa pakà. Máa gbé wàrà sílẹ̀ fún un lẹ́bàá ààrò. Ṣùgbọ́n má fún un láṣọ, má kí i, má sì dúpẹ́.”

Àwẹ̀ró ní, “Mo gbọ́, mà.” Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò bá a lára mu. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́ ńkọ́?

“Bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni!”

Ẹ ṣeun. Ohun tí ìyá Àwẹ̀ró fi tọ́ ọ nìyẹn.

Láràárọ̀, Àwẹ̀ró a bá ọkà tí a ti pa nílẹ̀, mímọ́ tónítóní. Ẹnu a máa yún un láti dúpẹ́, a sì pa á mọ́.

Ó di ọjọ́ kan, ó tètè jí láti fún wàrà màlúù. Ó bá Búráúnì níbi tó ti ń lu ọkà, òógùn bò ó, ìhòòhò ló wà nínú òtútù. Àánú ṣe Àwẹ̀ró. Ó di ìborùn rẹ̀ mú, kò fún un. Ó ń kọjá lọ sọ́dọ̀ màlúù. Ọmọ tí a kọ́ yóò ha kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má sọ̀rọ̀? Kó tó mọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.”

Iwin gbé igi ìpakà sílẹ̀. Kò bínú, omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Mo ṣe bí ọmọ ilé ni mí.” Ó bá ń kọrin lọ sínú kùrukùru. Ẹ gbè é:

Wàrà ni mo mu, n ò jẹ gbèsè.
*Pàkà-pà!*
Ìfẹ́ ni mo ṣe, n ò ṣe alágbàṣe.
*Pàkà-pà!*
Àwẹ̀ró kí mi, iṣẹ́ mi parí.
*Pàkà-pà!*

Dásọ́lá ní, “Ṣùgbọ́n ó kí i dáadáa, Ìyá Àgbà.”

Ó dáa nílé wa. Lọ́dọ̀ iwin, ẹni tí o bá kí tàbí tí o bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, o ti sọ ọ́ di alágbàṣe, o ti ní kó máa lọ nìyẹn.

Màlúù jẹ koríko ẹnu rẹ̀ tán. Ó ní, “Ó kù sí ọ lọ́wọ́, Àwẹ̀ró.”

Ìdajì ọkà ló ṣì wà nílẹ̀, ojú ọ̀run sì ti ṣú. Àwẹ̀ró sunkún, ó mú igi, ó ń lu ọkà. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Màmá Mọ́ráàgì wọlé, ó wo àyíká, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò bá a wí. Arúgbó náà mú igi kejì, ó dúró tì í, àwọn méjèèjì ń pakà.

Àwẹ̀ró ò jẹ́ la ẹnu. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kí ìyá, ìyá náà á lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe pakà títí èyí tó kù fi tán, tí òjò dídì fi bẹ̀rẹ̀.

Màmá Mọ́ráàgì fi ọwọ́ ti ìbàdí. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, mo bá ọ ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn mi fẹ́ẹ́ kán, o ò rí mi ni? Èmi kì í ṣe iwin o. Kí mi.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lórí ìyàngbò ọkà. “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú ìnira. Ẹ kú àdúrótì.” Ó kí i títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì, ìyá ọkọ sì dúró, ó ń gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ, oore tó yẹ ká dúpẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ṣe é, ká mọ bó ṣe fẹ́ ká gbà á.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ sí i, kí iyọ̀ má dùn lẹ́nu mi lọ́la. Ṣé yóò dùn?

“Yóò dùn, Ìyá Àgbà!”