Sípíkà fún Pálọ̀ Tóóró

Ọ̀gá reluwé kan wà rí ní Òṣogbo. Lẹ́yìn aya àti ọmọ rẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó orin. Ilé tí ìjọba fún un gbé tóbi. Pálọ̀ ibẹ̀ gùn débi pé ẹni tó bá jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lápá kejì tó gbọ́ ọ. Inú pálọ̀ yìí ló gbé sípíkà rẹ̀ méjèèjì sí, àwọn sípíkà tó ga tó àyà ènìyàn, tí géńdé kan kò lè dá gbé. Ọdún tí wọ́n fi í jọ̀gá ló rà wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bó bá ti fi àwo lé ẹ̀rọ, orin a kún inú ilé náà bí omi ṣe ń kún odò lẹ́yìn òjò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a wá, wọn a máa jẹ ẹ̀pà, wọn a máa gbọ́ háíláìfù títí oòrùn fi máa wọ̀. Bàbá Onísípíkà ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju oyè lọ.

Nígbà tó yá, ó fẹ̀yìn tì. Ó dá ilé ìjọba padà, ó sì kó lọ sí ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ìlú. Ilé náà mọ́, ó tura, ṣùgbọ́n kò tóbi. Pálọ̀ rẹ̀ rí tóóró. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sípíkà wọlé kí wọ́n tó gbé àga. Nígbà tí wọ́n gbé wọn wọlé tán, ilẹ̀kùn kò ṣí dé ògiri mọ́, ẹni tó bá sì ń lọ sí yàrá ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Ó fi àwo sí i. Ilé mì. Gíláàsì ojú fèrèsé ń gbọ̀n, ṣíbí ń jó nínú abọ́. Ìlù ìsàlẹ̀ ń dún bí ààrá tó há sínú àgbá, akọrin sì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Ó rò pé àwo ló dọ̀tí, ó nù ún. Ó rò pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló ti jẹ, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà náà ló ṣì wà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, wọn kò sì pẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, ní òun ní àlejò nílé. Èkejì, tó ti jẹ́ ọ̀gá nílé ìfìwéránṣẹ́ rí, ní orúnkún ń dun òun. Díẹ̀díẹ̀, wọn kò wá mọ́ rárá. Ọkùnrin náà jókòó ti ẹ̀pà rẹ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìgbà tí ènìyàn bá wà nípò ni ọ̀rẹ́ ń pọ̀. Èrò náà wọ̀ ọ́ lára. Ló bá ń yí orin sókè sí i, kí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà má baà rò pé ó ti parí fún òun.

Ìyàwó rẹ̀ gbé àga tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, sábẹ́ igi ọsàn. Ọkùnrin náà lọ bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Ìbíwùmí, ṣé ìwọ náà ti ń sá fún mi ni?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń sá fún. Sípíkà ni. Ó ti tóbi ju ilé yìí lọ."

"Ohun tó gbé wa débí lò ń sọ̀rọ̀ sí yẹn."

"Iṣẹ́ yín ló gbé wa débí, Bàbá Ìbíwùmí. Sípíkà ò ṣiṣẹ́ reluwé."

Inú bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà wọlé, tó jókòó, tó fetí sílẹ̀ dáadáa, kò lè sọ pé irọ́ ni obìnrin náà pa.

Ó wá pinnu pé ọjọ́ ogbó ló ń da àwọn sípíkà náà láàmú, òun yóò ra tuntun. Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ àna wọn kan tó ń ta sípíkà. Ṣọ́ọ̀bù náà fẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ àna fi orin sí sípíkà tó tóbi jù níbẹ̀, orin náà sì dìde bí ọba. Ọkùnrin náà ti ń mi orí. Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè wo àjà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ṣé inú ṣọ́ọ̀bù yìí la ó máa gbé ni?" obìnrin náà bèèrè.

Ọ̀rẹ́ àna rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ̀mí, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ kó wọn lọ sílé, kẹ́ ẹ gbọ́ wọn níbẹ̀. Èyí tí kò bá bá ilé yín mu, ẹ dá a padà."

Ọkùnrin náà mú àwọn ńlá. Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí méjì kan lórí pẹpẹ, tí wọn kò tóbi ju búrẹ́dì lọ.

"Ìyẹn? Ohun ìṣeré ọmọdé ni."

"Ká ṣáà kó o. Ọkọ̀ á gbà á."

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n gbé àwọn àtijọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì to àwọn ńlá tuntun. Ààrá kan náà ni, agbádá tuntun ló wọ̀. Ó tì wọ́n sí igun ilé, ó burú sí i. Ó fà wọ́n síwájú, kò wá rí ibi tí yóò jókòó. Òógùn bò ó, ó sì ń bá ògiri jà.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fa kọ́tìnì kí aládùúgbò má baà rí òun, ó sì gbé àwọn kékeré lé orí àpótí ìjókòó méjì, jìnnà díẹ̀ sí ògiri, wọ́n kọjú sí àga rẹ̀. Ó fi àwo háíláìfù kan sí i, àwo tó ti ní láti ìgbà àpọ́n.

Ó gbọ́ ìka lórí okùn gìtá. Ó gbọ́ bí ẹni tó ń fọn fèrè ṣe mí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìlù ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ orin bí onílé, kò tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin kan gbè é, tín-ínrín, ó mọ́ gaara. Láti ọjọ́ tó ti ní àwo náà, kò gbọ́ ohùn yẹn rí.

Ìyàwó rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó mú ọ̀bẹ àti iṣu tí kò tíì bẹ tán lọ́wọ́.

"Ta ni obìnrin tó ń gbè é yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwo tán, ọkùnrin náà dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Bí orin ti ń lọ lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ ní iyọ̀ ti tán nílé. Kò pariwo, ọkọ rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Ó yíjú sí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀ ojú ń tì í. Ó tún wo àwọn ńlá. Ó ní, "Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá rí èyí, wọn a ní mo ti relẹ̀."

"Ta ló fẹ́ gbọ́ orin yìí, ẹ̀yin ni àbí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà?"

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó dá àwọn ńlá tuntun padà, ó sì fi àwọn àtijọ́ ta gbọ̀ngàn ìlú lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà ló lọ sílé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n wá bá òun jókòó lọ́jọ́ Àìkú.

Wọ́n wá, nítorí ojú. Agbaṣẹ́ṣe dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹ̀yìn àga.

"Ibo lo kó wọn pamọ́ sí?"

"Àwọn náà nìyẹn lórí àpótí."

"Ha, Bàbá Onísípíkà ti di oníbúrẹ́dì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ṣí kọ́tìnì sílẹ̀ gbayawu kí ẹni tó bá fẹ́ wò lè wò, ó sì fi abẹ́rẹ́ lé àwo.

Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu wọn tí fèrè fi wọlé. Agbaṣẹ́ṣe rọra jókòó. Ẹnikẹ́ni kò dìde mọ́. Nígbà tí orin parí, ọ̀gá ìfìwéránṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Tún un fi sí i. Àti pé, ọ̀rẹ́ mi, orúnkún ò dùn mí nígbà yẹn. Orí ló ń fọ́ mi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ."

"Kì í ṣe nítorí pé mo ti kúrò nípò?"

"Ipò wo? Ṣé torí ipò la ṣe ń wá jẹ ẹ̀pà rẹ?"

Ohun tó ti wúwo lọ́kàn ọkùnrin náà láti ìgbà pípẹ́ sì fò lọ. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n jiyàn lórí ẹni tó ni ohùn obìnrin náà, ìyàwó rẹ̀, tó ti gbọ́ ọ títí ó fi dá a mọ̀, dá sí iyàn, ó sì borí. Àwọn tó ń kọjá dúró lábẹ́ fèrèsé, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe ń lọ, ó fa ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í pé ibo gan-an ni ṣọ́ọ̀bù yẹn wà.

Nígbà tí ìlú sì ṣe àpèjẹ ìkórè, wọ́n tan àwọn sípíkà àtijọ́ ní gbọ̀ngàn. Àwọn sípíkà náà kọrin bí ìgbà èwe wọn, ó dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ní kí ẹni tó ta wọ́n lọ́rẹ dìde, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Inú rẹ̀ dùn sí àwọn sípíkà náà bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ọmọ. Wọn kò burú rí. Àyè wọn ni wọn kò sí tẹ́lẹ̀.

Àbúrò mi, kì í ṣe nítorí sípíkà ni mo ṣe sọ ìtàn yìí fún ọ. O ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohùn tí o fi ń pàṣẹ ní pápá, tí ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá fi ń dúró ṣinṣin, ohùn rere ni. Ó tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n o ti kúrò ní pápá. Ìwọ àti ìyàwó rẹ ló kù nílé, ohùn yẹn náà lo sì fi ń bèèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ rẹ bá wá kí ọ, wọn kì í pẹ́, o sì ní torí pé o ti fẹ̀yìn tì ni. Irọ́ lò ń pa fún ara rẹ. Dín ohùn náà kù. Kò ní sọ ọ́ di ẹni kékeré. Ohun rere tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, tí wọn kò tíì gbọ́ rí nítorí ariwo, ìgbà yẹn ni wọn yóò gbọ́ ọ. Bí o bá délé lónìí, má dúró lẹ́nu ọ̀nà pe ìyàwó rẹ. Wọlé, jókòó tì í, kí o sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé ó wà nítòsí.