Awò Tó Mọ Ṣúgà Nìkan

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ ọtí pípọn lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan. Mo mọ̀ pé ìwọ kì í mutí, Oyèwùmí. Fìdí lélẹ̀ ná, kí o gbọ́. Apá ìyá náà kò ká ìkòkò mọ́. Ó ní bí ọkùnrin yìí bá dá ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mẹ́ta pọn, tí gbogbo rẹ̀ sì dára, òun á fa ilé ìpọntí lé e lọ́wọ́. Bí kò bá dára, ẹlòmíì ni yóò gbà á.

Ni ọkùnrin yìí bá lọ ra awò kan. Wọ́n máa ń kán omi àgbàdo tí wọ́n fẹ́ fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sí i lórí ni, wọ́n á gbé e sójú síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò sì sọ iye ṣúgà inú rẹ̀. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n lò. Ó á kọ́kọ́ kán omi mímọ́ sí i kí ó lè rí i pé orí òdo ló ti bẹ̀rẹ̀, á nù ún gbẹ, á sì jẹ́ kí omi àgbàdo tutù kó tó kán an sí i. Lọ́jọ́ kìíní, awò ní méjìlá. Ó fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ karùn-ún, awò ní mẹ́fà. Lọ́jọ́ keje, mẹ́fà náà ni. Ó ní ìdajì ṣúgà ṣì wà níbẹ̀, ọtí ti kọ̀, kò ní kan mọ́. Kí ojú má baà tì í, ó da ìkòkò méjì sí kòtò. Ẹ̀kẹta ló fẹ́ gbé tí ìyá náà fi wọlé. Ìyá bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì béèrè ibi tí méjì yòókù wà. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí kòtò, ó sì gbé awò fún un.

Ìyá ní, “Ojú tí o fi wo omi àgbàdo lo tún fi ń wo ọtí.”

Awò yẹn kò purọ́ o. Ṣúgà nìkan ló mọ̀. Nígbà tí ṣúgà bá ti di ọtí, á máa ka ọtí mọ́ ṣúgà. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí rẹ̀ tí wọ́n fi ń tún iye yẹn ṣe: wọ́n á mú ti ọjọ́ kìíní, wọ́n á mú ti òní, wọ́n á fi méjèèjì wá òótọ́. Kò ṣí i wò rí. Ọtí ti kan dáadáa. Ṣùgbọ́n ìkòkò mẹ́ta ni wọ́n jọ sọ, ẹyọ kan ló kù. Ẹlòmíì ló ń pọntí níbẹ̀ lónìí.

Oyèwùmí, àbúrò rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Òun ló ta ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá yín lọ́jọ́ sí, gbogbo wa la mọ̀. Bí o ṣe kà á nígbà yẹn, o kò ṣì í kà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ló fi ń gbé ìyá yín dìde, tó ń gbé e jókòó, títí ìyá fi lọ. Níbo lo wà? N kò ní kí o gbàgbé ti ọjọ́ kìíní. Òun gan-an la fi ń mọ ibi tó rìn dé. Àbúrò kan ṣoṣo ni ìyá bí lé ọ. Dìde, lọ ṣílẹ̀kùn fún un.